Ara Gbóná Lẹ́yìn Kímò: Ìdí Tí Wọ́n Fi Ń Dá Aláìsàn Padà Sí Wọ́ọ̀dù

"Ṣé ó ti tàn ká ni?" Ohun tí àwọn ọmọ máa ń yọ́ bi nọ́ọ̀sì lẹ́yìn ilẹ̀kùn nìyẹn, nígbà tí wọ́n bá sáré gbé ìyá wọn tó ń gba kímò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ, padà wá sí ọsibítù láìròtẹ́lẹ̀. Ìyá yìí gba oògùn ní bí ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, ó délé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó bì díẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ní ọjọ́ karùn-ún ó ti ń béèrè ìkọ́kọrẹ́. Gbogbo ilé ń dúpẹ́. Ló bá di alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, ara gbóná, òtútù ń mú un. Wọ́n pe nọ́ńbà tí wọ́n fún wọn ní Ṣàgámù, ẹni tó gbé e ní kí wọ́n máa bọ̀ kíá, kí wọ́n má dúró de ilẹ̀ mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kánúlà ti wà lọ́wọ́, dókítà sì ní kò lè lọlé lónìí, bóyá kò ní lè lọ lọ́la náà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń pọ̀. Ẹnì kan á ní oògùn náà ò bá a lára mu. Ẹnì kan á ní jẹjẹrẹ ti wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ sí kọ̀rọ̀ ń ronú ẹni tó wá kí ìyá lọ́sẹ̀ tó kọjá àti ohun tó gbé wá. Bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ irú ìdápadà báyìí, jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Oògùn ló ń ṣiṣẹ́, ó sì ba ibì kan jẹ́ lára tí àwọn dókítà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yóò bà jẹ́. Èyí tó kù lọ́wọ́ àwa ará ilé ni pé ká tètè gbé aláìsàn dé ibi tí wọ́n ti lè fún un ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò, torí wákàtí ni wọ́n fi ń ka ọ̀rọ̀ náà.

Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ pupa ti ń jáde, èyí tó ń gbé atẹ́gùn kiri. Ibẹ̀ ni platelet ti ń jáde, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ dá. Ibẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì funfun ti ń jáde. Oríṣiríṣi ni sẹ́ẹ̀lì funfun, ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀rọ̀ wa dá lé ni neutrophil. Àwọn ni ọdẹ àdúgbò: kòkòrò tó bá wọlé, àwọn ni wọ́n á kọ́kọ́ sá lọ pàdé rẹ̀, wọ́n á sì gbé e mì. Ẹ̀mí wọn ò gùn rárá. Tí wọ́n bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í lò ju bí ọjọ́ kan lọ, ìdí nìyẹn tí mùdùnmúdùn àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá fi ń ṣe tuntun tó bíi bílíọ̀nù 100 lójoojúmọ́.

Kímò ò mọ jẹjẹrẹ lójú. Ohun tí púpọ̀ nínú àwọn oògùn náà ń wá kiri ni sẹ́ẹ̀lì tó ń pín kíákíá, kí wọ́n lè pa á níbi tó ti ń pín. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń pín kíákíá. Ṣùgbọ́n ìdí irun náà ń pín, awọ inú ẹnu ń pín, awọ ìfun ń pín, mùdùnmúdùn ò sì sinmi rí. Ìdí nìyẹn tí irun fi ń re, tí ẹnu fi ń bó, tí inú fi ń ṣí. Irun tó re, gbogbo ayé rí i. Mùdùnmúdùn tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró, kò sẹ́ni tó rí i, àfi tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Neutrophil kì í tán lọ́jọ́ tí wọ́n gba oògùn. Àwọn tó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀, àtàwọn tó ti gbó tán nínú mùdùnmúdùn, á ṣì máa bá iṣẹ́ lọ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà tí ìwọ̀nyẹn bá lò tán, tí kò sì sí tuntun lẹ́yìn wọn, ni iye wọn máa ń já wálẹ̀. Pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú oògùn tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ ọmú, àti doxorubicin tó pupa yẹn àti docetaxel, láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá ni iye náà máa ń kéré jù. Lẹ́yìn náà mùdùnmúdùn á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iye á máa gòkè, tó bá fi máa di ọjọ́ kọkànlélógún, ó sábà máa ń ti padà sípò. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tí wọ́n fi ń pín ọ̀pọ̀ kímò ti wá.

Ohun tó ń tan ará ilé jẹ wà níbẹ̀. Èébì àti àárẹ̀ máa ń wáyé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ sí ìkẹrin ìkarùn-ún, gbogbo èèyàn á sì máa ṣọ́ aláìsàn nígbà náà. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ojú rẹ̀ á ti wálẹ̀, á ti máa jẹun, á ní òun fẹ́ dé ọjà Òkè-Ajé lọ wo ìsọ̀ òun. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ náà á ti padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ àsìkò yẹn gan-an ni inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣófo jù.

Lórí ìwé àyẹ̀wò, tí neutrophil bá ti wà lábẹ́ 1,500, wọ́n á ní ó kéré. Tó bá ti bọ́ sísàlẹ̀ 500, ewu ti dé. Àwọn ilé àyẹ̀wò kan ń kọ ọ́ lọ́nà mìíràn: 0.5 tí ẹ bá rí níwájú rẹ̀, 500 yẹn náà ni. Ní 1966 ni Gerald Bodey àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n fi hàn pé bí iye yìí bá ṣe lọ sílẹ̀ tó ni kòkòrò ṣe ń ráyè tó, bó bá sì ṣe pẹ́ nísàlẹ̀ tó ni ewu náà ṣe ń pọ̀ tó. Orí ìyẹn ni gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe ní wọ́ọ̀dù títí dòní dúró lé.

Níbo wá ni kòkòrò náà ti ń wá? Ọ̀pọ̀ ìgbà, lára aláìsàn fúnra rẹ̀ ni. Inú ìfun gbogbo wa kún fún kòkòrò tí kì í ṣe wá ní nǹkan kan, E. coli àti Klebsiella wà lára wọn. Ẹnu wa kún fún tirẹ̀, awọ ara náà ní tirẹ̀. Kímò ti mú awọ ìfun àti ti ẹnu fẹ́lẹ́, kòkòrò gba ibẹ̀ yọ́ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kò sì bá ẹni tó máa dá a dúró. Nítorí náà, ẹ fi àlejò ọ̀sẹ̀ tó kọjá sílẹ̀. Ẹ má sì bá ọmọ tó ń se oúnjẹ fún wọn jà.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Bí ọgbẹ́ bá wà lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, á wú, á pọ́n, á gba ọyún, a ó sì mọ ibi tí ìjà wà. Ọyún yẹn, òkú neutrophil ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tí kò ní neutrophil, kò lè ní ọyún. Kòkòrò lè ti gba inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kí x-ray máa fi hàn pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ lè dùn ún díẹ̀ kó má wú rárá. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ara gbígbóná nìkan ni àmì tí ẹ máa rí, kò sì ní sí òmíràn títí ọ̀rọ̀ á fi bọ́ sórí. Ìdí nìyẹn tí dókítà kì í fi bá yín ṣàwàdà tó bá ní ẹ máa bọ̀ nítorí "ara tó kàn gbóná lásán".

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ lọ́dọ̀ wa ni ibà. Láti Ìpẹru dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ta ni ara rẹ̀ á gbóná tí kò ní kọ́kọ́ sọ pé ibà ni? Ọmọ á sáré dé ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì tó wà ní ìkòríta, á ní kí wọ́n bá òun po oògùn ibà, wọ́n á sì pò ó sínú ọ̀rá: ti ibà, paracetamol, fítámì, àti kóró kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀. Aláìsàn á lò ó, á làágùn, ara á fúyẹ́, gbogbo ilé á sùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò lè dìde mọ́.

Paracetamol tó wà nínú ọ̀rá yẹn ò ṣe kòkòrò ní nǹkan kan. Ó kàn mú kí ara tutù ni, bẹ́ẹ̀ ara gbígbóná yẹn nìkan ni ohun tí ẹ fi lè mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń gba kímò kò gbọ́dọ̀ lo paracetamol kó tó wọn ara rẹ̀ wò, ì báà ṣe orí ló ń fọ́ ọ. Tó bá sì ti lò ó kí ẹ tó mọ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà tí ẹ bá dé ọ̀hún. Kò sẹ́ni tó máa nà yín.

Mi ò sọ pé kò lè jẹ́ ibà o. Ẹ̀fọn ò mọ ẹni tó ń gba kímò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ibà, wọ́n á ṣe é ní ọsibítù, kò sì ní gbà tó wákàtí kan kí èsì tó jáde. Kódà tí wọ́n bá rí kòkòrò ibà, kò túmọ̀ sí pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ní agbègbè tí ẹ̀fọn ti ń jẹ wá láti kékeré bíi tiwa yìí, àgbàlagbà lè gbé kòkòrò ibà sínú ẹ̀jẹ̀ kó má ṣe é ní nǹkan kan. Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á tọ́jú méjèèjì pọ̀, kò ní torí ibà dá abẹ́rẹ́ dúró.

Ẹ ra tẹmọ́mítà. Kò wọ́n tó owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ìwọ̀n tí àwọn dókítà ń lò ni 38.3 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí 38.0 tó dúró bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, tí wọ́n bá fi í sábẹ́ ahọ́n. Ọ̀pọ̀ ọsibítù á kàn sọ fún yín pé tó bá ti dé 38, ẹ pè wọ́n. Ti abíyá máa ń fi nǹkan díẹ̀ kéré sí ti abẹ́ ahọ́n, nítorí náà tó bá ti kọjá 37.5 ní abíyá tí ara aláìsàn ò sì dá, ẹ má jókòó máa dúró de 38. Ẹ má fi tẹmọ́mítà sí ihò ìdí rẹ̀, ẹ má sì ti oògùn kankan bọ̀ ọ́ níbẹ̀: awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ó lè ya, kòkòrò ibẹ̀ sì pọ̀.

Ara lè má gbóná rárá pẹ̀lú. Àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin, tàbí ẹni tó ń lo dexamethasone tí wọ́n fi ń dá èébì dúró, kòkòrò lè ti gba inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí tẹmọ́mítà máa ka 36.8. Tó bá ń gbọ̀n jìnnìjìnnì, tó ń mí gule gule, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, tàbí tó kàn rẹ̀ ẹ́ débi tí kò lè dé ilé ìwẹ̀, ọsibítù ni.

Ẹ jẹ́ ká wọ ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Ẹ̀rù tó ń bani níbẹ̀ ni ìlà: ti káàdì, ti owó, ti ẹni tó gun ọ̀kadà ṣubú. Gbólóhùn kan wà tó yẹ kí ẹ sọ sókè fún nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí, kí ẹ tó sọ orúkọ pàápàá: "Wọ́n ń gba kímò, ọjọ́ kẹsàn-án nìyí, ara wọn ti gbóná." Gbogbo ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka jẹjẹrẹ rí máa ń gbéra tó bá gbọ́ ọ. Bí ẹni tí ẹ bá pàdé ò bá gbéra, ẹ tún un sọ, kí ẹ sì béèrè dókítà. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé káàkiri ayé ni pé kí abẹ́rẹ́ apakòkòrò àkọ́kọ́ wọ ara aláìsàn kí wákàtí kan tó pé lẹ́yìn tó dé.

Kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà dáadáa, kò dà bí èyí tí wọ́n ń gbà fún PCV, àyẹ̀wò ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀. Á fi spirit nu apá, á dúró kó gbẹ, á tún fi spirit nu orí ìgò. Ìgò méjì ni fún apá kan: ọ̀kan fún kòkòrò tó nílò atẹ́gùn, èkejì fún èyí tí kò fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà á lọ sí apá kejì, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ kòkòrò ló wà nínú ìgò yẹn. Wọ́n á gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí kòkòrò kan bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, á jẹun, á pọ̀ sí i, wọ́n á sì mọ orúkọ rẹ̀ àti oògùn tó lè pa á. Apá kejì yẹn tí ẹ̀ ń bínú sí pé wọ́n tún gún ìyá yín nítorí rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bóyá inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò ti wá ní tòótọ́, àbí awọ ara ló ti bọ́ sínú abẹ́rẹ́.

Èsì ìgò yẹn lè gba ọjọ́ kan, ó lè gba márùn-ún. Wọn ò ní dúró dè é. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oògùn tó lágbára tó lè pa ọ̀pọ̀ oríṣi kòkòrò lẹ́ẹ̀kan náà: ceftazidime, cefepime, piperacillin-tazobactam tàbí meropenem, ohun tí wọ́n bá ní lọ́wọ́ àti èyí tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò wọn. Èyí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti Ampiclox tí ẹ ń rà ní kẹ́mísìtì. Mo ti gbọ́ kí ọmọ aláìsàn fìbínú sọ pé, "Wọn ò tíì mọ ohun tó ń ṣe màmá mi, wọ́n kàn ń gún wọn kiri." Mo mọ ibi tí ìbínú yẹn ti ń wá, àìsùn ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó mọ orúkọ kòkòrò náà, ó lè ti pẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni èsì á sì padà dé pé wọn ò rí nǹkan kan, tí aláìsàn á sì ti gbádùn. Kì í ṣe pé oògùn náà ṣòfò.

Tí ara ò bá yé gbóná lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́rin sí méje, wọ́n lè fi oògùn tó ń pa olu (fungus) kún un, torí olu náà máa ń wọ ara ẹni tí neutrophil rẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀. Bí wọ́n bá tún ń bọ̀ wá gba ẹ̀jẹ̀ láràárọ̀, iye neutrophil ni wọ́n ń ṣọ́. Lójú dókítà, ohun méjì ló ń ṣí ilẹ̀kùn ilé: kí ara tutù kó sì dúró bẹ́ẹ̀, kí neutrophil sì ti máa gòkè bọ̀. Ti ẹlòmíràn gba ọjọ́ mẹ́ta, ti ẹlòmíràn á ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ pé ní ìlú òyìnbó wọ́n ń fún àwọn kan ní oògùn oníkóró lọ sílé. Òótọ́ ni. Ìṣirò kan wà tí wọ́n ń pè ní MASCC, èyí tí wọ́n ti ń lò láti 2000: wọ́n á wo ọjọ́ orí, ìfúnpá, bí àìsàn náà ṣe le tó, ẹni tó bá ní 21 sókè, ewu rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè padà dé ọsibítù láàárín wákàtí kan tí nǹkan bá yí padà. Ẹni tó ń gbé Ìjẹ̀bú-Igbó tó ń gba kímò ní UCH Ìbàdàn tàbí ní LUTH mọ̀ pé wákàtí kan kì í tó o, pàápàá lálẹ́, pàápàá tí tírélà bá ti ṣubú lójú títì Èkó sí Ìbàdàn. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí kímò àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni kó ti mọ ọsibítù tó sún mọ́ ọn jù tó ń gba èèyàn lóru tó sì ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò nílé. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà kímò, kó kọ orúkọ oògùn tí wọ́n ń fún un àti ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe tí ara rẹ̀ bá gbóná, kó sì kọ nọ́ńbà tí wọ́n lè pè. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ nítòsí, lẹ́yìn náà kí ẹ wá máa bá ìrìn-àjò lọ. Ẹ tún tọ́jú owó kan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn, torí owó kímò nìkan ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń ṣírò, ìdúró òjijì yìí ni kì í sí nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ yà díẹ̀ sórí nọ́ńbà neutrophil yìí, torí ó kan àwa Yorùbá gan-an. Ohun kan wà tó máa ń wà lára ẹ̀jẹ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní Duffy. Orúkọ aláìsàn tí wọ́n ti rí i ni wọ́n fi sọ ọ́ ní 1950. Àwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ní in lára ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀, àìní yẹn ló sì ń dí vivax, oríṣi kòkòrò ibà kan, lọ́wọ́ láti ráyè wọ̀ wá. Ní 2009, àwọn olùṣèwádìí fi hàn pé ìyàtọ̀ yẹn kan náà ló ń jẹ́ kí neutrophil inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ adúláwọ̀ kéré ju ti òyìnbó lọ. Ara wa ò rọ nítorí rẹ̀, kòkòrò ò sì tìtorí rẹ̀ borí wa. Nítorí náà, ẹni tó ní 1,300 kó tó gba kímò rárá, ó lè jẹ́ pé bí ara rẹ̀ ṣe rí láti ìbí nìyẹn. Ẹ tọ́jú èsì àyẹ̀wò ìṣáájú yẹn dáadáa. Tó bá di ọjọ́ kan tí wọ́n ní kímò ò ní ṣeé gbà torí pé kò pé 1,500, ẹ mú un jáde, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà pé ṣé kì í ṣe pé bí wọ́n ṣe máa ń rí nìyí. Ti abẹ́ 500 tí ara sì gbóná ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ìyẹn ò ní àríyànjiyàn.

Ti àlejò. Ìjẹ̀bú kì í fi ẹni tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọsibítù. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ìyá máa gbọ́, wọ́n á sì fẹ́ wá tìlùtìfọn bí ẹni ń lọ sí Ojúde Ọba. Nọ́ọ̀sì á ní ẹni méjì péré, wọ́n á ní ó rí wọn fín. Ẹ bá nọ́ọ̀sì sọ ọ́ fún wọn. Ẹni tó ń húkọ́, ẹni tí imú rẹ̀ ń ṣe omi, ọmọdé tó ń ti iléèwé bọ̀, kí wọ́n fi fóònù kí i. Ẹni tó bá wọlé, ọṣẹ àti omi kó tó fọwọ́ kàn án. Tí wọ́n bá fi í sí yàrá òun nìkan, kì í ṣe pé àìsàn rẹ̀ ń ràn. Òun ni wọ́n ń dáàbò bò lọ́wọ́ tiwa.

Oúnjẹ ò le tó bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́. Èso àti ewébẹ̀ tí wọ́n fọ̀ dáadáa kò sí nínú ohun tí ìwádìí fi hàn pé ó ń pa wọ́n lára. Oúnjẹ tó jinná, tó gbóná, tí kò sùn mọ́jú. Ẹyin kó le. Gààrí Ìjẹ̀bú tí ẹnu ń wá, kí omi tí wọ́n fi rẹ ẹ́ jẹ́ èyí tí wọ́n ti sè kó tó tutù. Èyí tí mo máa fi gbogbo ẹnu sọ ni àgbo. Àgbo tí wọ́n fi omidùn rẹ, ààyè kòkòrò ló kún inú omidùn yẹn; ẹni tí ara rẹ̀ dá lè mu ún kó gbádùn, ẹni tó wà ní ọjọ́ kẹwàá kímò kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tó ń ṣínú náà ń bó awọ ìfun tó ti fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ìyá àgbà fi sè é.

Nǹkan mìíràn máa ń dá aláìsàn padà sí wọ́ọ̀dù: èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru tó ti gba gbogbo omi ara, PCV tó wálẹ̀ débi tí wọ́n á fi fa ẹ̀jẹ̀ sí i, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú tó sì ń dùn, èyí tó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì síbẹ̀. Kò sí èyí tó yẹ kó di ọ̀la nínú wọn.

Lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti délé, ìbéèrè tó kàn ni kímò tó ń bọ̀. Wọ́n lè sún un síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n lè dín oògùn kù, tàbí kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń ta mùdùnmúdùn jí, filgrastim tàbí pegfilgrastim. Níbi tí wọ́n bá ti ń retí pé jẹjẹrẹ náà á lọ pátápátá, ọ̀pọ̀ dókítà á fẹ́ fún un ní abẹ́rẹ́ yìí dípò kí wọ́n dín oògùn kù, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè èwo ni wọ́n yàn àti ìdí rẹ̀. Filgrastim, ojoojúmọ́ ni fún ọjọ́ mélòó kan, inú fìríìjì ló sì ń gbé, nítorí náà ẹ ronú iná kí ẹ tó gbé e relé. Pegfilgrastim, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni fún kímò kan. Wọn kì í fún un lọ́jọ́ kímò gan-an. Ó kéré tán, wákàtí mẹ́rìnlélógún gbọ́dọ̀ kọjá.

Abẹ́rẹ́ yìí máa ń jẹ́ kí eegun ro èèyàn, ìbàdí, ẹ̀yìn àti àyà ní pàtàkì. Ẹ̀rù á tún ba gbogbo ilé, wọ́n á ní jẹjẹrẹ ti dé eegun. Mùdùnmúdùn tó ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan ló ń ro ó, ó sì sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀; èyí tí kò bá lọ, ẹ jẹ́ kí dókítà gbọ́. Ẹ wọn ara rẹ̀ kọ́kọ́. Tí kò bá gbóná, ẹ fún un ní paracetamol. Ìbúprófẹ̀n àti irú rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó kàn án lẹ́nu, torí platelet rẹ̀ náà lè wà nílẹ̀ lásìkò yẹn.